Èépá Iyọ̀

Obìnrin kan wà tí àdúgbò ń pè ní Atọ́wò, nítorí pé ahọ́n ló fi ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn mìíràn ń fi ojú ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa lẹ ìkarahun òkun mọ́ ohun tí kò lẹ́wà títí yóò fi lẹ́wà: férémù àwòrán, àpótí aṣọ, ìdí fìtílà, ara ògiri. Bí ẹ bá dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ óò bá a lórí àga kékeré, àwọn báfù omi níwájú rẹ̀, ìkarahun kan lórí ahọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì le bí ojú ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Kò jẹ ẹ́ o. Iyọ̀ ló ń tọ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iyọ̀ yìí, torí òun ló bí gbogbo ọ̀rọ̀. Ìkarahun tó bá ti inú òkun wá ti mu iyọ̀ yó. Àfi kí a rẹ ẹ́ sínú omi ẹ̀rọ, kí a da omi náà nù, kí a tún rẹ ẹ́, títí ahọ́n kò fi ní gbọ́ iyọ̀ kankan mọ́. Bí a bá fi ọ̀lẹ ṣe é, tí a lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, iyọ̀ á fara pa mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á dákẹ́ bí ẹni tí kò sí nílé. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dé tí afẹ́fẹ́ tutù, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde, funfun gbáà, bí èépá ojú ọgbẹ́. Ibi tó bá ti yọ ni yóò ti máa ti ìkarahun kúrò lára sìmẹ́ńtì díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi já bọ́. Ìlú etí òkun ni wọ́n ń gbé, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí iyọ̀ lè ṣe. Òun ló ń jẹ irin fèrèsé wọn. Òun ló ń bo kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà tí kò fi ní yí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ṣe ń lé e kúrò lára ìkarahun, wọn kò pọ̀. Ìyá Atọ́wò ló kọ́ ọ, òun náà sì kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Àbúrò yìí ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Baba wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí, kì í ra aṣọ, kì í ra bàtà. Ìkarahun kan ló ń mú bọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, èyí tó bá rí tó jọ ọ́ lójú jù níbẹ̀. Ìyá wọn á fọ̀ ọ́, á tọ́ ọ wò, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí igi kan tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn wọn. Nígbà tí baba wọn bá ìrìn àjò kan lọ tí kò padà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló kù lára àpótí náà tí kò tíì bò. Ìyá wọn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kì í fi ìkarahun ọjà parí ohun tí ọkọ òun bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú fún òun náà, ó pe àkọ́bí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé àpótí náà, ó ní, "Tìẹ ni." Àbúrò dúró níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ ketekete.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àìsàn dá Atọ́wò dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó máa bá òun wo ibẹ̀. Nígbà tó padà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ó wọ yàrá, ó ká aṣọ orí àpótí ìyá rẹ̀ kó lè fọwọ́ pa á lára. Àpótí ti pá. Kò sí ẹyọ ìkarahun kan lára rẹ̀. Ojú gọ́ọ̀mù nìkan ló kù, ó rí bátabàta káàkiri ara igi, àti ibi tí ẹnu ọ̀bẹ ti họ ọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Kò wá wọn jìnnà. Àbúrò rẹ̀ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lójú títì, ó sì gbé dígí ńlá kan kọ́ síwájú, gbogbo etí dígí náà kún fún ìkarahun baba wọn. Ará ìlú ń dúró wò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Onídígí.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ṣe yìí?" Atọ́wò di férémù ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà mú kó má baà ṣubú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ara ti yá?"

"Mo ní kí lo ṣe yìí!"

"Abẹ́ aṣọ ni ẹ fi í sí. Ta ló ń rí i níbẹ̀?" Onídígí kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí ohun tó ń lẹ̀. "Ìyá gbogbo wa ni, kì í ṣe ìyá yín nìkan."

"Èmi ló fún ní àpótí yẹn. O wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀. Àpótí ló fún yín. Àpótí ṣì wà lọ́wọ́ yín."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Atọ́wò lára, kò sì jáde mọ́. Àwọn ẹbí dá sí i, wọ́n ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, kí ẹ̀gbọ́n fi orí jì í. Ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bí ó bá fẹ́ lọ sí ọjà, á gba ẹ̀yìn ilé yí ká kó má baà rí dígí yẹn. Bí ó bá sì di dandan kó gba iwájú rẹ̀ kọjá, á gbé ojú sí òdìkejì, ọrùn á máa dùn ún títí yóò fi délé. Ó kórìíra àbúrò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ti bá a rẹ́rìn-ín níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi òkú, ó sì ń kórìíra rẹ̀ láti ìgbà tó bá jí títí di ìgbà tó bá sùn.

Ọdún ń gorí ọdún. Iṣẹ́ Onídígí ń gbòòrò, ti Atọ́wò dúró sójú kan. Ní ọjọ́ kan ìròyìn dé pé ilé ìtura tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí etí òkun fẹ́ kí wọ́n fi ìkarahun bo ògiri gbọ̀ngàn rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, Onídígí ni wọ́n sì gbé e fún. Atọ́wò gbọ́ ọ níbi tó ti ń fọṣọ. Ó dúró, ìfófò ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́ o. Ńṣe ni inú rẹ̀ dùn. Ó rántí pé ohun kan wà tí àbúrò òun kò fẹ́ràn láti kékeré, ohun náà ni ìkarahun fífọ̀. Ìfọ́tí ni Atọ́wò fi kọ́ ọ. Bí ó bá fọ̀ díẹ̀, á sá, á lọ jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn, á máa wo ọwọ́ rẹ̀ tí omi ti jẹ. "Ẹni tí kò fẹ́ràn iṣẹ́," Atọ́wò sọ fún báfù ọṣẹ, "yóò fẹ́ràn ẹni tó bá bá a ṣe é."

Ó wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀. Oyin ń kán lẹ́nu rẹ̀.

Onídígí wà láàárín àwọn àpò ìkarahun tó ga tó èjìká, irun rẹ̀ kún fún eruku. Ohun àkọ́kọ́ tí Atọ́wò ṣàkíyèsí ni pé dígí kò sí níwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ nìkan ló kù, àti ibi tí ògiri ti mọ́ ju ìyókù lọ. Ó ti tà á! Ó fi ẹ̀rín bo ìbínú rẹ̀.

"Àbúrò mi, mo gbọ́ pé iṣẹ́ ńlá wọlé. Mo wá kí ọ kú oríire."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Oríire tó ń dun ẹ̀yìn ni. Àwọn tí mo gbà láti máa fọ̀ ọ́ ti sá. Wọ́n ní ọwọ́ ń bó wọn."

"Ìwọ náà ò kúkú fẹ́ràn rẹ̀ rí." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. "Gbé e wá sílé mi. Èmi ni n óò fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ àná ti di ti àná. Ọmọ ìyá la jẹ́."

Onídígí nu eruku ojú rẹ̀. "Ṣé lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n fọ̀ bíi tèmi?"

"Kò sí," ni Onídígí dáhùn. "Ìyẹn kò sírọ́ ńbẹ̀."

Wọ́n fi ọmọlanke kó àwọn àpò náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé Atọ́wò. Kò bu omi ẹ̀rọ kan sí wọn. Omi òkun ló ń pọn, garawa lé garawa, ní ojúmọmọ, ó sì ń kí àwọn tó bá pàdé lọ́nà. Bí ó bá da omi òkun náà sínú báfù, á tún da iyọ̀ ọjà lé e, á fi igi rò ó títí yóò fi yòrò, á wá kó ìkarahun sínú rẹ̀ kó mu ún yó. Láyé rẹ̀, kò fi ìfarabalẹ̀ ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àní ó ń tọ́ wọn wò! Èyí tí iyọ̀ rẹ̀ kò bá tíì ro ahọ́n dáadáa, á dá a padà sínú omi. Bí wọ́n bá gbẹ nínú oòrùn, á fi àkísà tó ní òróró díẹ̀ nù wọ́n kí èérí iyọ̀ má baà hàn, wọ́n á sì máa dán yinrin. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Aládùúgbò kan yọjú lórí ògiri, ó ní, "Màmá, ara yín yá lónìí o!" Ó ní, "Iṣẹ́ àbúrò mi ni mo ń bá a ṣe. Ẹ̀jẹ̀ nípọn ju omi lọ." Ahọ́n tó fi sọ ọ́ ti bó nítorí iyọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rántí ìyá wọn tó máa ń sọ pé àléébù ìkarahun kò sí lára ìkarahun, ọwọ́ ẹni tó fọ̀ ọ́ ni a ó ti wá a. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ lọ sí ibi tí àpótí pípá wà nínú yàrá, ó sì da iyọ̀ sí i.

Ọjọ́ tó kó wọn padà, Onídígí jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó sì dúpẹ́ títí. Atọ́wò yí padà láti sọ fún ọlọ́mọlanke kó rọra sọ àwọn àpò náà kalẹ̀. Nígbà tó máa fi kọjú sí àbúrò rẹ̀, Onídígí di ìkarahun kan mú nínú oòrùn, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè.

"Ọwọ́ yín kò yí padà, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ẹ wo bó ṣe ń dán."

Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ṣí ilé ìtura náà. Àwọn èèyàn pàtàkì kún gbọ̀ngàn. Ẹ gbà mí gbọ́, ògiri yẹn lẹ́wà. Ìkarahun funfun, aláwọ̀ ẹyin, aláwọ̀ eléérú, èyí tó dà bí etí ọmọdé, èyí tó dà bí èékánná, gbogbo rẹ̀ gorí ara wọn bí ìpẹ́ ẹja ńlá kan tó fara ti ilé. Láàárín rẹ̀, ní ọ̀gangan ojú èèyàn, wọ́n fi aṣọ pupa kan bo ibì kan. Atọ́wò wà níwájú, ó wọ aṣọ tó dára jù tó ní, ó ń ka oṣù lọ́kàn dé ìgbà òjò. Onílé ìtura náà, ọkùnrin sísanra kan tí kì í gbé ohùn sókè, dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ó sì ní kí Onídígí wá fa aṣọ náà.

Onídígí fà á. Wọ́n ti fi ìkarahun tó yàtọ̀ sí ìyókù kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, lẹ́tà ńlá ńlá, wọ́n sì fi ìkarahun wẹ́ẹ́wẹ́ sàmì ohùn sórí wọn:

ATỌ́WÒ LÓ FỌ̀ WỌ́N.

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Àwọn èèyàn yí sí Atọ́wò, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rere! Àbúrò rere!" Kò gbọ́ wọn. Ó ń wo àwọn lẹ́tà náà. Èyí tó pọ́n bí oòrùn òwúrọ̀ yẹn, ó mọ̀ ọ́n. Èyí tó ní ìlà dúdú yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ti gbá a mú nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Ìkarahun baba wọn ni, tí wọ́n tú kúrò lára dígí.

Onídígí wá dúró tì í, ó di apá rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ayàwòrán.

"Ẹ ti ń bèèrè ìkarahun ìyá wa ọjọ́ pẹ́," ló sọ wẹ́lẹ́. "Òun nìyẹn. Mo ti dá a padà fún yín."

"Kí ló dé tó o fi kọ orúkọ mi síbẹ̀?"

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fọ̀ wọ́n ni?" Ó ju ọwọ́ sí ẹnì kan lọ́ọ̀ọ́kán. "Mo tọ́ ọ wò, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ tí ẹ kó o dé gan-an. Ẹ rò pé ohun tí ẹ fi ìfọ́tí kọ́ mi ni n óò gbàgbé?"

Atọ́wò yí ojú sí i. "O mọ̀... o sì lẹ̀ wọ́n?"

"Ẹ fẹ́ kó wó. Àbúrò rere kì í ṣe àìgbọràn sí ẹ̀gbọ́n."

"Orúkọ tìẹ náà ni yóò bà jẹ́!"

"Níbo? Ọkọ mi ti ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó kó lọ." Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kò yẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí mo fi wà lẹ́yìnkùlé yín, omi ń jẹ mí lọ́wọ́, ẹ ò jẹ́ kí n lẹ ẹyọ kan rí. Ẹyọ kan! Bí àlejò bá dé, ẹ ó ní, 'Èyí? Òun ló ń bá mi fọ̀ ọ́.' Ó dáa náà. Gbogbo ayé á máa rí ẹni tó fọ̀ ọ́."

Ó fẹnu ko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Àwọn ayàwòrán yà á.

Láti ọjọ́ náà ni Atọ́wò ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí òjò má rọ̀. Òun tó ti ń fi ìka ka oṣù tẹ́lẹ̀! Bí àwọsánmà bá ṣú, á dúró síta máa wò ó títí yóò fi ká kúrò. Ó rò ó pé kí òun lọ bá onílé ìtura, kí òun jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́? "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fi iyọ̀ sí i"? Ta ni yóò tún gbéṣẹ́ fún ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó rò pé kí òun tún un ṣe fúnra òun. Ògiri láti ilẹ̀ dé àjà, èyí tó ti gbẹ mọ́ sìmẹ́ńtì! Àbá tí kò ṣeé dá ni. Lẹ́yìn tí Onídígí ti kó lọ tán, ọlọ́mọlanke gbé ẹrù kan wá fún un, wọ́n fi aṣọ wé e. Dígí ni, ìkarahun ti tán létí rẹ̀, ojú gọ́ọ̀mù ló kù bátabàta. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú rẹ̀. Atọ́wò gbé e ti àpótí pípá nínú yàrá. Ó wò wọ́n títí, ó sì rí obìnrin kan nínú dígí náà tí kò wù ú láti bá ṣọ̀rẹ́.

Òjò dé. Àwọn ọmọdé ń sáré káàkiri nínú rẹ̀, àwọn àgbà ń gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, gbogbo ìlú ń dúpẹ́. Atọ́wò jókòó sínú ilé, ó ti fèrèsé. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí òjò fìdí múlẹ̀ tí fóònù rẹ̀ dún. Ohùn tí kì í lọ sókè náà ni. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Bí ó ti wọ gbọ̀ngàn, ó gbọ́ ohun kan: kọ́. Lẹ́yìn náà, kọ́, kọ́. Ìkarahun ló ń já bọ́ sórí ilẹ̀ dídán. Òṣìṣẹ́ kan ń gbá wọn jọ, bí ó ti ń gbá ni àwọn mìíràn ń já lẹ́yìn rẹ̀. Ara ògiri ti yọ èépá funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rí bí awọ ẹni tí kúrúnà bá jà. Àárín rẹ̀ nìkan ló mọ́. Níbẹ̀, lẹ́tà ńlá ńlá, kò sí ẹyọ kan tó yẹ̀.

"Ẹ̀yin ni wọ́n kọ síbẹ̀," ni onílé ìtura wí.

"Kì í ṣe fífọ̀." Atọ́wò tètè dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ga jù. "Lílẹ̀ ni. Àbúrò mi kò lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ yá jù, mo máa ń sọ fún un."

Ọkùnrin náà tọ́ka sí àwọn lẹ́tà náà. "Ṣé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ náà ló lẹ orúkọ yín?"

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, Atọ́wò náà sì ti fi òwe yẹn bá ọ̀pọ̀ èèyàn wí láyé rẹ̀.

"Ó kéré tán, ẹ bá mi yọ lẹ́tà yẹn kúrò," ó bẹ̀ ẹ́. "Kí n tó lọ. Mo bẹ̀ yín."

Wọ́n pe bíríkìlà tó wà níta. Ó gbé òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì, ó gbá lẹ́tà àkọ́kọ́. Ìkarahun iyọ̀ tó yí i ká ń dà sílẹ̀ wàrà wàrà, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò mira. Ó tún gbá a. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wò, ó sì mi orí.

"Màmá, èyí ò gbọ́ o. Ẹni tó fọ èyí mọ iṣẹ́ ẹ̀. Àfi tí wọ́n bá máa wó ògiri."

Ó sún sẹ́yìn fún un kó lè rí i. Atọ́wò súnmọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Èyí tó ní ìlà dúdú ló wà ní ọ̀gangan ẹnu rẹ̀. Kò bìkítà pé wọ́n ń wo òun. Ó yọ ahọ́n, ó tọ́ ọ wò, ó dúró pẹ́ níbẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

Kò sí iyọ̀ kankan lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti fọ̀ ọ́ mọ́.